Àkọlé Tó Ń Pe Ojú àti Àkọlé Ìdẹ: Níbo Ni Wọ́n Ti Yà?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ìwé ìròyìn kan nílẹ̀ Jámánì tó ń kọ nípa ètò tẹlifíṣọ̀n, TV Movie, gbé àwòrán ọkùnrin mẹ́rin sójú ìwé Facebook rẹ̀. Gbajúmọ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́: ọ̀kan nínú àwọn atọ́kùn ètò wọ̀nyí ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Wọn ò sọ èwo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá a nínú ìròyìn pé Roger Willemsen ni, òótọ́ sì ni. Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà ò kàn wọ́n rárá. Ọ̀kan nínú wọn, Günther Jauch, tó jẹ́ pé agbára káká ni èèyàn fi lè rí ará Jámánì tí kò mọ̀ ọ́n, gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ẹjọ́ náà gòkè láti Cologne títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn adájọ́ ibẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí ilé iṣẹ́ tó ni ìwé ìròyìn náà san 20,000 owó euro fún Jauch. Ìdí wọn ni pé kò sí ohunkóhun nínú ìròyìn náà tó jẹ mọ́ ọkùnrin yìí. Ojú rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n fi fa èrò wá.

Ohun tó mú kí ẹjọ́ yìí yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò ni pé kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ń ṣàìsàn lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí i tí kò tẹ̀ ẹ́ yóò máa rò ó lọ pé bóyá Jauch ni. Bí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bá lè tan èèyàn bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi ara wọn lójoojúmọ́ kò rọrùn tó bí wọ́n ṣe rò: ṣé gbogbo àkọlé tó bá ti ń pe ojú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni clickbait, àbí ohun mìíràn ló ń sọ àkọlé di ìdẹ?

Ìdáhùn méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Àwọn òǹkàwé tí inú ń bí á ní bí àkọlé bá ti mú èèyàn ta gìrì, clickbait ni, ó parí. Àwọn tó ni ìkànnì á bi wọ́n pé ta ló máa ń kọ àkọlé kí èèyàn lè gbójú kúrò níbẹ̀? Wọ́n á ní láti ọjọ́ tí ìwé ìròyìn ti dáyé ni olóòtú ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò dá ẹni tó ń kọjá lọ dúró. Ìdáhùn kejì yìí ní ìtàn lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1983, New York Post gbé àkọlé kan jáde tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ṣì ń dárúkọ títí di òní: òkú tí kò lórí, nílé ọtí tí obìnrin ti ń jó láìbo àyà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan ló yìnbọn pa ẹni tó ni ilé ọtí kan ní Queens, tó sì fipá mú obìnrin kan tó wà níbẹ̀ láti gé orí òkú náà. Olóòtú wọn, Vincent Musetto, ló ronú kan àkọlé ọ̀hún. Àmọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ìyọnu kan wà: òkú ò lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé àwọn obìnrin ilé ọtí náà kì í bo àyà lóòótọ́? Wọ́n rán akọ̀ròyìn lọ wádìí. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà dá wọn lójú ni wọ́n tó gbé e jáde. Ó ṣòro kí àkọlé pe ojú jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ni wọ́n tọpinpin, ẹni tó sì ra ìwé ìròyìn náà bá gbogbo rẹ̀ nínú. Ẹni tó bá ní kò bójú mu, ó rí i sọ. Ìdẹ kọ́ ni.

Ti Daily News, tó jẹ́ orogún New York Post nílùú kan náà, tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1975, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ pé Ààrẹ Ford sọ fún ìlú New York pé kó lọ kú síbẹ̀. Gerald Ford kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ lọ́jọ́ tó ṣáájú ni pé bí àwọn aṣòfin bá gbé òfin kalẹ̀ láti fi owó ìjọba àpapọ̀ yọ ìlú náà nínú gbèsè tó ti mù ún dé ọrùn, òun ò ní buwọ́ lù ú. Olóòtú gbọ́ ọ, ó sì tú u sí èdè ìgboro. Ará New York tó kà á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ààrẹ dorí kọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu. Etí ààlà gan-an lèyí wà. Irú rẹ̀ sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà títí di òní: àkọlé tó kọ́kọ́ dárúkọ olóṣèlú, tó wá gbé gbólóhùn kan tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ tó gbóná ju ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lọ.

Èyí tó sì ti kúrò létí ààlà pátápátá ni ti ọdún 1898. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Maine bú gbàmù ní èbúté Havana, ní Kúbà, ní ọjọ́ 15 oṣù kejì, ó sì pa èèyàn tó lé ní 250. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà ni New York Journal, ìwé ìròyìn William Randolph Hearst, ti kéde fáyé pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tá ni. Kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ọ̀gágun ojú omi Hyman Rickover kó àwọn onímọ̀ jọ tún ọ̀rọ̀ náà wò ní 1976, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ó jọ pé inú ọkọ̀ náà gan-an ni nǹkan ti bú. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ lèyí. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀, oṣù méjì àti díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà àti Sípéènì sì ti wọ ìjà. Bí a bá lọ ń pe irú nǹkan báyìí ní clickbait lásán, a ń fojú kékeré wò ó ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó nìkan ló mọ iṣẹ́ yìí. Láti oṣù keje ọdún 1929 títí di oṣù kẹta ọdún 1930, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí obìnrin àgbàlagbà kan tó ti gbádùn ayé, tí ayé sì ti padà kẹ̀yìn sí, fi ń ròyìn ara rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ìtàn náà ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ẹgbẹ̀rún ọkọ! Èkó ń wá ìwé ìròyìn náà kiri, àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà sí obìnrin yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá níbì kankan. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ṣé clickbait nìyẹn? Bí ó bá jẹ́ ti àkọlé ni, rárá o. Ẹni tí àkọlé náà fà wọlé bá àwọn ọkùnrin, ẹ̀bùn, owú àti ìyà tó ṣèlérí, ó tilẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun ni àwọn onímọ̀ ń kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé ìtàn àròsọ kalẹ̀ bí ìtàn ẹni tó ń mí. Olóòtú ló jẹ̀bi ìyẹn, àkọlé ò jẹ̀bi.

Àwọn tó ni ìkànnì jàre dé ibi yìí. Ibi tí àwíjàre wọn ti gé kúrú ni owó.

Ẹni tó ra ìwé ìròyìn láyé àtijọ́ ra gbogbo ojú ewé rẹ̀. Bí ìròyìn tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ṣì lè ka ti bọ́ọ̀lù, kó wo ìkéde òkú, kó wá iṣẹ́. Bí wọ́n bá tàn án lónìí, fẹ́ńdọ̀ kan náà ló máa bá pàdé lọ́la, ó sì lè kọ̀ láti ra ìwé ìròyìn náà mọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìròyìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá ta ara rẹ̀. Láti 2003 tí Google ti gbé AdSense jáde, ẹnikẹ́ni tó ní ìkànnì lè gbé ìpolówó ọjà síbẹ̀ kó sì máa gbowó. Iye ìgbà tí ìpolówó bá yọ sójú èèyàn, tàbí iye ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ni wọ́n fi ń ṣírò owó náà. Ojú ewé náà ṣí, owó ti ń wọlé. Bóyá òǹkàwé ka ìròyìn tán o, bóyá ó sá jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta o, ìyẹn dọwọ́ rẹ̀. Ní 2016, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Veles, ní Makedóníà, dá ìkànnì tó lé ní ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ nípa ìdìbò Amẹ́ríkà, láìjẹ́ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dìbò níbẹ̀. Owó ìpolówó ni wọ́n ń wá, àkọlé ló sì ń bá wọn kó o jọ.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀ka mìíràn. Òǹkàwé ló ń ra dátà. Nídìí pátákó fẹ́ńdọ̀, èèyàn lè dúró wo àkọlé títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere, kó bá àwọn tó wà níbẹ̀ jiyàn òṣèlú, kó sì lọ síbi iṣẹ́ láìná kọ́bọ̀. Ẹni tó tẹ àkọlé lórí fóònù ti náwó kó tó mọ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀, pàápàá bí ìpolówó tó ní fídíò bá tún ń bú jáde lójú ewé náà. Ìdí nìyí tí ìbínú àwọn èèyàn fi ju ti ẹni tí wọ́n kàn fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lọ.

Bí a bá ń wá ẹni tó sọ ìdẹ di iṣẹ́ ìmọ̀, Upworthy ló yẹ kí á wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2012 ni Eli Pariser àti Peter Koechley dá ìkànnì náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èrò wọn kò burú: wọ́n fẹ́ kí èèyàn wo fídíò nípa ìyà tálákà, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti àyíká bí wọ́n ṣe ń wo fídíò ológbò. Wọ́n sọ ọ́ di dandan pé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ àkọlé 25 fún ohun kan ṣoṣo. Wọ́n á ṣa díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀kan han àwọn kan, òmíràn han àwọn ẹlòmíràn, èyí tí èèyàn bá tẹ̀ jù ló máa wọlé. Ibi tí ìdánwò yìí gbé wọn dé ni irú àkọlé tí gbogbo èèyàn wá fi ń dá wọn mọ̀: ọmọdé kan dìde láàárín àwọn àgbàlagbà, ohun tó sọ lẹ́yìn náà yóò yà ọ́ lẹ́nu. Ọmọ ta ni? Níbo? Kí ló sọ? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2013, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 80 ló ń yà síbẹ̀ lóṣù kan, àwọn ìkànnì yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tiwọn.

Ìdí tí ọgbọ́n yìí fi ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àdììtú. Ní 1994, ọ̀mọ̀wé George Loewenstein ti yunifásítì Carnegie Mellon kọ ọ́ pé ojúmìító máa ń dìde nígbà tí èèyàn bá rí i pé àlàfo wà láàárín ohun tí òun mọ̀ àti ohun tí òun fẹ́ mọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ kì í wá a kiri. Ẹni tí wọ́n ti fún ní díẹ̀ tọ́ wò ni kì í lè sùn. Ọmọ tó bá gbọ́ àlọ́ àpamọ̀ rí mọ bó ṣe ń rí lára. Àmọ́ ẹni tó pa àlọ́ náà kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń rò ó, bí ó bá sì ti sú ọmọ, yóò sọ ìdáhùn fún un, ìdáhùn náà yóò sì bá àlọ́ mu. Ohun méjèèjì yìí ni àkọlé ìdẹ kì í ṣe.

Facebook ló fòpin sí ìgbà dídùn Upworthy. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò máa ti irú àkọlé bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bi àwọn èèyàn léèrè, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà ni wọ́n mú àkọlé tó jẹ́ kí wọ́n lè pinnu bóyá ìròyìn náà tó í kà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n wá ń wò ni iye àkókò tí èèyàn lò níbi tó tẹ̀: ẹni tó lọ tó sì sá padà lọ́gán, ó jọ pé kò bá ohun tó wá lọ. Ní 2016 wọ́n tún tẹ̀ síwájú. Wọ́n ka àìmọye ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkọlé, wọ́n sì ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì: ṣé ó fi ohun tí òǹkàwé nílò kó tó lóye ìròyìn pa mọ́, ṣé ó sì bù mọ́ ìròyìn náà débi tí yóò mú kí èèyàn máa retí ohun tí kò sí níbẹ̀? Èèyàn lè bá Facebook jà lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì yìí wà lára ohun tó mọ́gbọ́n dání jù tí ẹnikẹ́ni tíì sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìkẹta tó ń bèèrè pé ṣé àkọlé náà pe ojú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Ben Smith tó jẹ́ olóòtú àgbà ìkànnì BuzzFeed nígbà náà kọ ọ́ pé àwọn kì í ṣe clickbait. Ọ̀pọ̀ ló fi í rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo èèyàn ló mọ BuzzFeed mọ́ àkọlé oníye: nǹkan mọ́kàndínlógún tí ẹni tó dàgbà ní irú ìlú báyìí mọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwíjàre rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá ní nǹkan mọ́kàndínlógún, mọ́kàndínlógún ni èèyàn máa bá. Ó lè jẹ́ ìranù, ìranù tí wọ́n ṣèlérí ni. Ẹni tó wọlé mọ ohun tó wá jẹ. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ìkórìíra ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ rọ́pò ìdájọ́ lórí ẹ̀tàn. Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ni ẹ̀ka ìròyìn rẹ̀ gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2021.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ láti máa dá ìdẹ mọ̀ ló jẹ́ kó tún hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 2017, Martin Potthast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Bauhaus ní Weimar kó ọ̀rọ̀ 38,517 jọ tí àwọn ilé ìròyìn ńlá Amẹ́ríkà fi sórí Twitter. Èèyàn márùn-ún ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò. Wọn ò ní kí wọ́n sọ pé ìdẹ ni tàbí ìdẹ kọ́. Ipele mẹ́rin ni wọ́n fún wọn, láti èyí tí kò ní ìdẹ rárá dé èyí tó jẹ́ kìkì ìdẹ. Márààrún kì í sì í fi gbogbo ìgbà fẹnu kò. Àkọlé tó kàn fi nǹkan díẹ̀ pa mọ́ lójú ẹnì kan ti di jìbìtì lójú ẹlòmíràn.

Àkójọ ìdánwò Upworthy náà padà wúlò. Ní 2021, àwọn onímọ̀ gbé 32,487 nínú rẹ̀ síta fún ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí. Nígbà tí àwọn kan fi ojú ìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2023, wọ́n rí i pé ẹyọ ọ̀rọ̀ búburú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún àkọlé ń mú kí iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gòkè ní ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ rere ńkọ́? Ṣe ló ń dín in kù. Èyí kò sọ ìròyìn ikú di ìdẹ nítorí pé ikú wà nínú rẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí á mọ ìdí tí olóòtú tí nọ́ńbà nìkan ń darí yóò fi máa wá ẹ̀jẹ̀ kiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni ti àwọn tí kì í tẹ̀ ẹ́ rárá. Ní 2016, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Columbia àti ilé ìwádìí Inria ní Faransé gbé e jáde pé nínú àwọn líǹkì ìròyìn tí wọ́n tọpinpin lórí Twitter, ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sẹ́ni tó tẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń pín wọn kiri. Àkọlé nìkan ni wọ́n kà. Àwọn ilé rédíò wa náà ní ètò àárọ̀ tí wọ́n ti ń ka kókó inú ìwé ìròyìn lédè Yorùbá. Awakọ̀ tó gbọ́ ọ ní àárọ̀ ló máa sọ ọ́ fún èrò ọkọ̀ títí di alẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa ṣí ìwé ìròyìn náà wò. Ullrich Ecker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Australia tilẹ̀ fi hàn ní 2014 pé ẹni tó ka ìròyìn látòkè délẹ̀ pàápàá kò tíì bọ́: bí àkọlé bá darí rẹ̀ síbi tí kò tọ́, yóò hàn nínú ohun tó máa rántí àti bó ṣe máa rò ó.

Òfin ò sì fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Ní Britain, ìwé ìròyìn News of the World gbé àwòrán òṣèré méjì jáde tí wọ́n ti lẹ orí wọn mọ́ ara ẹlòmíràn tó ń ṣe ìṣekúṣe. Inú ìròyìn náà ló ti ṣàlàyé pé àwọn òṣèré náà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní 1995, àwọn adájọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní àwọn òṣèré náà ò lẹ́jọ́, nítorí àkọlé, àwòrán àti àlàyé ni ó yẹ kí òǹkàwé kà pọ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan gba ọ̀nà mìíràn lọ. National Examiner ti kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí wọ́n dá O. J. Simpson sílẹ̀ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, pé ọlọ́pàá gbà pé Kato Kaelin, tó jẹ́rìí nínú ẹjọ́ náà, ló ṣe é. Inú lọ́hùn-ún ló ti hàn pé ọ̀rọ̀ irọ́ pípa nílé ẹjọ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ìpànìyàn. Ilé ẹjọ́ ní àkọlé nìkan tó láti ba èèyàn lórúkọ jẹ́, kí ẹjọ́ máa lọ. Ní ayé tí kò ti sẹ́ni tó tẹ ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún líǹkì, ó ṣòro kí èèyàn má gbà pé Amẹ́ríkà ló jàre. Britain náà ti ń sún mọ́ ọn: láti 2016, ìlànà tí àjọ IPSO fi ń bójú tó àwọn oníwèé ìròyìn níbẹ̀ dárúkọ àkọlé tí ìròyìn abẹ́ rẹ̀ kò ti lẹ́yìn, ó sì kà á sí àṣìwí.

Lórí YouTube, ibi tí ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá wà báyìí, àkọlé àti àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ fídíò jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Láti 2012 ni YouTube ti fi iye àkókò tí èèyàn fi wo fídíò ṣáájú iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀tàn lè dín kù. Kò tán. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 wọ́n tún kéde pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fídíò tí àkọlé rẹ̀ ṣèlérí ohun tí kò sí nínú rẹ̀, pàápàá ti ìròyìn, àti pé Íńdíà ni àwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fúnni ni fídíò tó ní ààrẹ ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wo YouTube ní Nàìjíríà kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ó mọ fídíò tó ní ọba kan ti wàjà, tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀bẹ̀ pé kí èèyàn tẹ aago, tó sì parí síbi pé àhesọ ni. Ó mọ fíìmù tí àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi òṣèré ńlá hàn, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òṣèré náà kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, pípe ojú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìkànnì tó bá ń kọ àkọlé tó wuyì ò yẹ lẹ́ni à ń bú. Àkọlé di ìdẹ nígbà tó bá fi orúkọ, ibi tàbí ìdáhùn pa mọ́ kìkì kí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́, tàbí nígbà tí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò bá tó ohun tó ṣèlérí. Ti TV Movie kún ojú ìwọ̀n lọ́nà àkọ́kọ́. Ti New York Post kò sí nínú ìkankan. Ti Daily News, ọ̀rọ̀ gbígbóná ni, ó sì yẹ kí wọ́n fi ohun tí Ford sọ gan-an síbẹ̀. Àkọlé tó wá ní ìbéèrè nínú, irú èyí tó ń bèèrè bóyá gbajúmọ̀ kan ti kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí èèyàn fura sí i ju gbogbo wọn lọ. Bí olóòtú bá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bèèrè.

Ẹ̀yin olóòtú ìkànnì Yorùbá, ẹ kọ àkọlé tó gbóná bó bá ṣe wù yín, èdè wa lágbára ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ sọ ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ má sì fi àwòrán ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé náà, bí ìkànnì kan bá tàn yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi àkọlé tí ẹ kò ka abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ẹbí yín.